Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi mọ́tò wa tọ etí òkun dé Gánà: ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Bàbá Tólú, Arówómọ́lẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù Kejì tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún mẹ́wàá tí èmi àti Ìyá Tólú ti ṣègbéyàwó. Mo ní ká ṣe ìnáwó díẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ páátì, òun kò fẹ́ aṣọ ẹbí, òkun ni òun fẹ́ rí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìdí Akẹ̀sán ni wọ́n ti tọ́ ọ. Inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti ń rí òkun.

Èrò wa ni pé ká gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, ká gba Ìbàdàn àti Èkó bọ́ sí Àgbádárìgì, ká gba Sèmè kọjá, ká wá máa tọ etí òkun lọ: Kútọnu, Ouidah, Lomé, Accra, títí dé Elmina bí agbára bá gbé e. Corolla la ní, kò tíì dójú tì wá rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìsinmi tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ ìyá mi.

Ìwé wo la máa nílò? Níbo ló dáa ká sùn? Ṣé ọjọ́ mẹ́sàn-án á tó?

Dírẹ́bà Àgbà, Tákìé

Bàbá Tólú, ẹ kú oríire o. Èrò Lomé ni mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi kó, kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án á tó bí ẹ ò bá fi ìdajì rẹ̀ jókòó sí ẹnubodè. Ẹni tí kò rin ọ̀nà yẹn rí á wo máàpù, á rí i pé láti Kútọnu dé Lomé kò ju nǹkan bí kìlómítà 150 lọ, á ní wákàtí méjì ni. Irọ́ ni. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà kí ẹ tó dé Accra: Sèmè, Hillacondji àti Aflao. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti gbé mọ́tò dání, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdajì ọjọ́. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìwé tiyín kò le. Pásípọ́ọ̀tù ECOWAS tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì lọ. A kì í gba físà láàárín ara wa, ọjọ́ 90 ni wọ́n fún yín ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń jáde kúrò ní ilẹ̀ kan àti nígbà tí ẹ bá ń wọ èkejì. Àwọn kan á ní kí ẹ máa lọ, pé kò sí wàhálà. Ẹ má lọ. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé ni wọ́n máa ń dá dúró nígbà àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì aláwọ̀ ìyeyè ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn ní kùtùkùtù, nítorí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìwé mọ́tò ló lágídí. Bí ìwé kò bá sí lórúkọ yín, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Íńṣọ́ránsì tí ẹ ń lò nílé kò wúlò kọjá Sèmè, Brown Card ti ECOWAS lẹ máa gbà, ó ti wà láti 1982, iléeṣẹ́ íńṣọ́ránsì yín á bá yín ṣe é. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ máa san owó ìwé ìwọlé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní laissez-passer. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ fojú sí. Bó bá kọjá, ọ̀rọ̀ á di ńlá.

Ẹ mú nǹkan wọ̀nyí dání: táyà ìpààrọ̀, jáàkì, ohun èlò ìpaná, igun mẹ́ta aláwọ̀ pupa tí à ń gbé kalẹ̀ bí ọkọ̀ bá kú. Wọ́n máa ń béèrè. Láàárín Àgbádárìgì sí Sèmè nìkan, ibi tí wọ́n ti máa ní kí ẹ dúró á sú yín. Ẹ kó gbogbo ìwé sínú fáìlì kan, kí Ìyá Tólú gbé e lé itan, kí ẹ má máa tú àpótí káàkiri. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó, ẹ béèrè ríṣíìtì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọmọ Èjìgbò

Kí lẹ fẹ́ gbé mọ́tò dání fún? Èjìgbò kò jìnnà sí yín. Ọkọ̀ Abidjan ń gbéra lọ́dọ̀ wa, á gba Kútọnu, á gba Lomé, á gba Accra. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ sùn, ẹ jí ní Gánà.

Ìyá Ìbejì, Òwòdè Ọ̀yọ́

Ọmọ Èjìgbò! Obìnrin ní òun fẹ́ rí òkun, ìwọ ní kó lọ sùn nínú ọkọ̀ akérò. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí.

Bàbá Tólú, ẹ kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ kan ni tèmi: ẹ má di kúlà ọbẹ̀ bí ẹni ń lọ ilé òkú. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn jẹ oúnjẹ ibòmíràn. Kó má gbé iná, kó má fọ abọ́.

Tíṣà Faransé, Sábó Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Etí òkun ni ọ̀nà yẹn gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn lè wa mọ́tò láti Mile 2 dé Kútọnu kó má fojú kan òkun. Láti Èkó dé Àgbádárìgì, ọ̀sà ló wà láàárín títì àti òkun. Ṣọ́ọ̀bù, ilé àti ọkọ̀ àjàgbé lẹ máa máa wò. Láti Sèmè lọ sí Kútọnu, ilé àti igi àgbọn ló dí ojú. Ìyàwó á ní òkun dà, ẹ ó ní ó wà lẹ́yìn ilé yẹn. Ibi tí èèyàn ti ń yà kúrò ní títì ló ṣe pàtàkì, iye kìlómítà kọ́.

Ní Àgbádárìgì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà, ẹ sọdá sí erékùṣù Gbẹrẹfu. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lórí yanrìn, ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà ni, ibi tó sì já sí ni òkun gbalasa. Kí ẹ tó sọdá, ẹ yà wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845. Àwọn CMS, míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́ ọ o, kí àwọn Onítẹ̀bọmi Ògbómọ̀ṣọ́ má bínú sí mi.

Ní Kútọnu, ẹ má gba títì ńlá lọ sí Ouidah. Ẹ béèrè Fidjrossè, ibẹ̀ lẹ ti máa bọ́ sí ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches. Òkun ni apá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jù nǹkan bí ogójì kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi odindi àárọ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ nígbà tí àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, ẹ dúró. Wọ́n á pín sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á di okùn mú, wọn á máa gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lórí orin. Ẹni tó wà nídìí okùn á ká a jọ, á sáré padà síwájú lọ dì í mú létí omi. Ó lè gba wákàtí kan kí ikùn àwọ̀n tó yọ. Nígbà náà ni àwọn obìnrin á gbé báfù dìde, ariwo á sọ.

Ouidah fúnra rẹ̀ kò ṣe é fò. Ọ̀nà tí wọ́n kó ẹrú gbà láti inú ìlú dé etí òkun tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, òpin rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Ilé òrìṣà Erè wà nínú ìlú, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì gan-an, títì ló là wọ́n láàárín. Bó bá wu ìyàwó, wọ́n á gbé erè kọ́ ọ lọ́rùn kí ẹ yà á ní fọ́tò. Èmi ò bá wọn dé ìdí ìyẹn.

Lẹ́yìn Ouidah, Grand-Popo. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sùn, kì í ṣe Kútọnu. Ìlú jẹ́jẹ́ ni, igi àgbọn, yanrìn, òkun. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí odò Mono ti já sí òkun, Bouche du Roy ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì ló ń gbé èèyàn lọ láàárín igi ẹ̀gbà. Tí ẹ bá wá kọjá Hillacondji, Aného ló kàn, níbi tí ọ̀sà wà lápá kan, tí òkun wà lápá kejì, tí afárá sì wà láàárín. Láti ibẹ̀ dé Lomé, òkun á máa yọjú sí yín. Gbogbo etí òkun Tógò látòkèdélẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 56 lọ.

Ohun kan tó kù. Bí ẹ bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ọwọ́ òsì ni òkun wà, ọwọ́ òsì sì ni dírẹ́bà ń jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo títì lẹ máa rí òkun, ìyàwó tó torí rẹ̀ wá á máa wo odi ilé. Bó bá mọ mọ́tò wà, ẹ gbé síárìn fún un lórí Route des Pêches.

Ìyá Ìbejì, Òwòdè Ọ̀yọ́

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń gbani nímọ̀ràn. Ọmọ Èjìgbò, ṣé o gbọ́?

Ọmọ Èjìgbò

Mo gbọ́ o, mà. Ọkọ̀ wa ṣì wà níbẹ̀ ṣá.

Ọmọ Ìláròó

Èwo ni ti gosíló Èkó? Láti Ìbàdàn ẹ bọ́ sí Abẹ́òkúta, ẹ gba ọ̀dọ̀ wa ní Ìláròó, ẹ jáde ní Ìdí-Ìrókò. Ẹ sọdá sí Ìgólò, ó di Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ ò ní rí Mile 2 sójú.

Dírẹ́bà Àgbà, Tákìé

Ọ̀nà yẹn dáa fún ẹni tó ń lọ ṣòwò ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkun ni wọ́n ń wá, Ìdí-Ìrókò á sì mú wọn fo Àgbádárìgì. Bó bá jẹ́ èmi, máa gba Sèmè lọ, máa gba Ìdí-Ìrókò bọ̀. Nígbà àbọ̀ ni kí wọ́n wá dúró ní Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá kan sì wà níbẹ̀ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bùràsíìlì, nítorí àwọn Àgùdà tó padà dé láti ọ̀hún ló kọ́ ọ. Kí ẹ tó kúrò ní Sèmè, ẹ bi wọ́n bí wọ́n á bá gba laissez-passer yẹn lọ́wọ́ yín ní Ìgólò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu kí ẹ tó sanwó.

Ẹ jí ní kùtù. Kí ẹ ti kọjá Ìbàdàn kí oòrùn tó mú. Ẹ má wa mọ́tò lálẹ́ ní ibikíbi lójú ọ̀nà yìí, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lóko.

Kọ́lá Mẹkáníìkì, Masífá

Ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, ẹ wo bẹ́líìtì, ẹ wo búrékì. Ẹ má kó mọ́tò wọ orí yanrìn etí òkun torí fọ́tò. Bí táyà bá rì, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ abúlé lẹ máa jọ tì í, wọ́n á sì gbowó. Bí ẹ bá dé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí atẹ́gùn òkun máa ń jẹ irin.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ máa rí epo nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kpayo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ó ti ń lọ látọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ilé epo ni kí ẹ ti rà á.

Àlhájà Ìjẹ̀rù

Bàbá Tólú, ẹ kú ètò. Tamale ní Gánà ni wọ́n bí èmi. Bàbá mi ń ta aṣọ àti nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lọ́jà ibẹ̀, bíi tàwọn baba ọ̀pọ̀ yín tí ẹ wà níbí, àfi tí wọn kò bá sọ ọ́ fún yín nílé. Oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹrù tó wọ lọ́rì la kó, ilé àti gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wá la fi sílẹ̀. Ní 1983 ó wá kan àwa náà, a lé àwọn tiwọn. Mo máa ń sọ èyí nítorí àwọn ọmọ kékeré tó ń bú ará Gánà lórí fóònù nítorí ìrẹsì.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Bí ẹ bá ti kọjá Aflao, ẹ má gba ọ̀nà tààrà lọ sí Accra. Láti Denu, ẹ yà sí Keta. Ibẹ̀ ni èmi rò pé ìyàwó yín máa fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀sà lápá ọ̀tún, òkun lápá òsì, títì láàárín. Òkun ti jẹ lára ìlú yẹn gan-an kí wọ́n tó kó òkúta ńlá sí etí rẹ̀. Fort Prinzenstein tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kọ́ ní 1784, ìdajì rẹ̀ ti wó sómi. Ẹ dúró lórí òkúta yẹn nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fọ́ọ̀tì.

Bí ẹ bá ń lọ síwájú, ẹ máa jáde sí Sogakope, níbi afárá tó gba orí odò Volta. Ẹ má gúnlẹ̀ sí ilé oúnjẹ kankan kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tó gbé abolo sórí, àgbàdo tí wọ́n sè nínú ewé, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì dùn díẹ̀. Ẹja wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tí wọ́n dín gbẹ ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, one man thousand ni orúkọ rẹ̀, ẹ fi ata díẹ̀ sí i. Èyí tó bá gbóná ni kí ẹ rà. Ní Accra ẹ jẹ kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo wọn, àti shito, ata díndín wọn.

Nọ́ọ̀sì Adéníkẹ̀ẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ dákun, kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ omi. Òkun etíkun wa yìí kì í ṣe ti inú fíìmù. Láti Èkó títí dé Gánà ni omi abẹ́ ti ń fa èèyàn. Ẹni tó bá dúró síbi tí omi dé orúnkún rẹ̀, ìgbì á fọ́, á padà, á gbẹ́ yanrìn kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e á gbé e lọ. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú odò gan-an máa ń kú síbẹ̀. Ibi tí àwọn ará ìlú kò bá ti wẹ̀, ẹ má wẹ̀. Bí omi bá fa èèyàn, kó má fi agbára padà tààrà sí èbúté. Kó máa wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáde nínú ìfà yẹn. Ẹ jókòó sórí yanrìn, kí omi máa wá bá yín. Ìyẹn náà tó.

Ẹ má gbàgbé àpò ẹ̀fọn àti oògùn ibà.

Bàbá Tólú, Arówómọ́lẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Àlhájà, Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá bàbá tèmi náà gbé Yendi, òun náà kò fẹ́ràn láti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ń kọ́? Àti pé ẹnì kan sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé kí n kúkú dúró de títì etíkun tí wọ́n ń ṣe láti Èkó lọ sí Kàlàbá.

Dírẹ́bà Àgbà, Tákìé

Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tó tó kìlómítà 700? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán. Ìyàwó yín ti dúró ọdún mẹ́wàá.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Akẹ̀sán

Owó ni tèmi, ọ̀nà yẹn ni mo ti ń jẹun. Owó sẹfá kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, ẹ ò ní í ṣẹ́ owó ní Hillacondji. Sídì lẹ máa ṣẹ́ ní Aflao bí ẹ bá dé ibẹ̀. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ ní Sèmè, èyí tó tó jẹun àti san tóògéètì (tóògéètì wà ní Ekpè àti ní Ahozon kí ẹ tó dé Ouidah), kí ẹ ṣẹ́ ìyókù nínú ìlú. Ẹ ti mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ ka owó ara yín lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọwọ́ ara yín, kí owó náírà yín má kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kà á tán. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, ẹ fi sílẹ̀.

Ní Lomé, ẹ ṣọ́ ìyàwó yín nínú ọjà ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti lówó dé ibi pé mọ́tò Mercedes-Benz ni wọ́n fi ń jáde, ìdí orúkọ wọn nìyẹn. Aṣọ tó wà níbẹ̀ á mú kí ó gbàgbé òkun. Mo ti sọ ọ́.

Aago ńkọ́? Bẹ̀nẹ̀ àti àwa, aago kan náà ni. Tí ẹ bá ti wọ Tógò, ẹ dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, Gánà náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, wákàtí yẹn á sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ má wá dé ẹnubodè lálẹ́.

Ìyá Tólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni ìyàwó tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ fún mi pé òun kọ ọ́ síbí, àbúrò mi ló fi hàn mí.

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo mọ mọ́tò wà ju ọkọ mi lọ, ẹ bi í. Èmi ni máa wà á lórí ọ̀nà àwọn apẹja yẹn.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Elmina kò sí nínú rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé àwọn Pọtogí ló kọ́ odi ibẹ̀ ní 1482, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ nínú ìtàn, mo sì fẹ́ rí i, ṣùgbọ́n láti Accra lọ sí ọ̀dọ̀ wọn ṣì tó nǹkan bí kìlómítà 150, n kò sì fẹ́ lo ìsinmi mi nínú mọ́tò kí n máa ka iye tí ó kù. Accra náà kí ó dúró. Ohun tí mo fẹ́ ni Àgbádárìgì, ọ̀nà apẹja, Ouidah, Grand-Popo, àti Keta tí Àlhájà sọ. Ṣé a lè ṣe é láìgbé mọ́tò kọjá ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹnubodè ló ń bà mí lẹ́rù ju òkun lọ.

Ìyá Ìbejì, Òwòdè Ọ̀yọ́

Ọmọ Ọ̀yọ́ gidi! Bàbá Tólú, ẹ sọ̀rọ̀ o.

Bàbá Tólú, Arówómọ́lẹ̀

Kí n tún sọ kí ni? Ó ti sọ ọ́ tán. Ti wíwà mọ́tò nìkan ni mo fẹ́ jiyàn sí.

Dírẹ́bà Àgbà, Tákìé

Ìyá Tólú, ó ṣe é ṣe, èyí tí ẹ sọ yẹn gan-an ló dáa jù. Ẹ wa mọ́tò yín kọjá Sèmè nìkan. Ẹ gbé e dé Grand-Popo. Níbẹ̀, ẹ gba ilé ìtura tó ní ọgbà àti géètì, ẹ bá ẹni tó ni ín sọ ọ́ pé ẹ fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀ fún alẹ́ kan, kí ẹ san owó rẹ̀ kó wà lórí ríṣíìtì. Ẹ wọ takisí dé Hillacondji, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn kọjá. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn kì í pẹ́ ní ẹnubodè, pásípọ́ọ̀tù ló máa fi hàn, káàdì abẹ́rẹ́, ó tán. Takisí míràn ló kàn láti ibẹ̀ dé Aného àti Lomé. Lomé àti Aflao fara kanra, èèyàn lè rìn láti ẹ̀gbẹ́ òkun Lomé bọ́ sí Gánà. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní trotro ló ń lọ sí Keta láti Aflao.

Ẹ pín ọjọ́ yín báyìí: ọjọ́ kìíní, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Àgbádárìgì. Ọjọ́ kejì, Gbẹrẹfu, kí ẹ tún sùn níbẹ̀, ẹ má wọ Sèmè ní ọ̀sán gangan. Ọjọ́ kẹta, ẹ dé Sèmè ní aago méje àárọ̀, ẹ sùn ní Kútọnu. Ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà apẹja àti Ouidah, ẹ sùn ní Grand-Popo. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ sinmi, ẹ má lọ síbì kankan. Ìkẹfà, Aného, Lomé, Keta. Ìkeje, ẹ padà sí Grand-Popo. Ìkẹjọ, Àjàṣẹ́. Ìkẹsàn-án, ilé. Ó há díẹ̀. Bó bá há jù, Lomé ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ fi Keta sílẹ̀.

Àlhájà Ìjẹ̀rù

Ẹ fi Lomé sílẹ̀. Ẹ má fi Keta sílẹ̀.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Akẹ̀sán

Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́, ọjà ńkọ́?

Ìyá Tólú

Àǹtí mi, ó ku bí owó bá ṣe tó. Dírẹ́bà Àgbà, ẹ ṣeun, sà. Laissez-passer yẹn, ṣé kò ní í di wàhálà pé mọ́tò wà ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà tí àwa wà ní Tógò?

Dírẹ́bà Àgbà, Tákìé

Rárá, bí ọjọ́ orí ìwé bá ti tó ìgbà tí ẹ máa gbé e jáde. Ẹ sọ fún wọn ní Sèmè iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́, kí ẹ fi ọjọ́ méjì lé e. Ìwé mọ́tò àti Brown Card, ẹ mú wọn dání lọ sí Tógò, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ náà bẹ́ẹ̀. Kí Kọ́lá sì fi hàn yín bí ẹ ṣe máa yọ orí bátìrì kí ẹ tó lọ.

Kọ́lá Mẹkáníìkì, Masífá

Ẹ gbé e wá ní Sátidé. Ìyá Tólú ni kó wà á wá, kí n rí i.